Ewé Jókòótìmí

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún yín kó tó fò lọ. Nígbà tí mo ti ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi dé, oorun gbé mi lọ lórí àga pẹ̀lú gèlè lórí, mo sì bọ́ sínú àlá. Ẹ mọ̀ pé ìyá mi ń ṣàìsàn, kò sì fẹnu kan oúnjẹ mọ́, títí kan ògì tí mo gbé fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ife tí ìyá mi fi ń mu omi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àsàbí, ewé Jókòótìmí ni yóò wo ìyá rẹ sàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ife, mo tún gèlè wé.

Bí mo ti ń jáde, ìyá mi nawọ́ sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Jókòó tì mí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi. Ife ti sọ orúkọ ewé náà fún mi. Òun gan-an ni mo ń wá lọ."

Ẹ̀yìnkùlé wa ti di odò. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ Ọ́fíìsì Ewé sí lára léfòó sórí rẹ̀ bí igbá. Bí mo bá sún mọ́ ọn, ṣe ló ń sún sẹ́yìn. Mo kọ orin ìyìn kan, ó sì dúró gbọ́, ni mo bá wọlé. Ọ̀gá ibẹ̀ jókòó, ó gbé ewé náà síwájú nínú ìkòkò. Ó bi mí bóyá ṣe ni n ó sè é, tàbí n ó gbo ó. Mo ní n kò mọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di igbe òbúkọ. Irùngbọ̀n hù ú, ìwo yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé náà. Kò yà mí lẹ́nu. Mo rò pé bí wọ́n ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹyọ ewé kan tó kù lẹ́nu rẹ̀ ké sí mi pé, "Àsàbí, bí mo ti ń jẹ́ ni wọ́n ṣe ń lò mí."

Mo bi ewé náà bóyá kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Òbúkọ gbé e mì.

Ọ́fíìsì di ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ jókòó, wọ́n sì jókòó. Àga tèmi nìkan ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́, títí mo fi jí.

Ewúrẹ́ aládùúgbò wà lójú fèrèsé, ó ń jẹ ewúro wa. Ìyá mi pè mí láti inú yàrá.

"Àsàbí, jókòó tì mí."

Mo ti dìde láti lọ bi ará ilé kejì bóyá ó mọ ewé náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà kí n tó dúró. Mo tú gèlè, mo padà wọlé, mo sì jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ògì àárọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì kù?"