Ọmọ Mélòó Ló Wà Nínú Fíìmù Yìí?

Bàbá Làbísí ayafọ́tò, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Ìrágbìjí, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé èmi ni mo wọ ṣòkòtò nínú fọ́tò yẹn. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà náà. Láti kékeré ni mo ti gbà pé èmi àti Táíwò, ìkejì mi ọkùnrin, la jọ jókòó nínú fọ́tò tí ìyá mi fi kọ́ ara ògiri. Èmi wọ ìró àti bùbá, òun wọ ṣòkòtò, ó dé fìlà. Bàbá Làbísí ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní Táíwò ti lọ sọ́run kí ìyá wa tó mú mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun yà mí nínú aṣọ tèmi, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wọ aṣọ Táíwò fún mi, òun tún yà mí, òun sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Bí òun ti ń ṣe é fún gbogbo ìyá tí ìbejì rẹ̀ bá ku ẹyọ kan nìyẹn, kí ọmọ má baà dá jókòó.

Òjò ti ba fọ́tò ara ògiri náà jẹ́. Ohun tó kù ni fíìmù méjèèjì tí Bàbá Làbísí kó lé mi lọ́wọ́, ìyẹn ohun dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò jáde. Ó ní etí rẹ̀ ni kí n máa mú, kí n fi ìwé wé e, kí ooru má tó o. Èmi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó wọn sínú àpótí aṣọ, mo sì da kánfọ̀ tó ń lé kòkòrò lé wọn lórí bí ẹni tó ń tọ́jú sányán. Nígbà tí mo ṣí àpótí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ń ká kò, wọ́n sì ń rùn bí omi ògì ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ mi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń tọ́jú fọ́tò àtijọ́. Wọ́n ní àwọn yóò rán ènìyàn wá láàárọ̀ òní. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn sùn lóru àná, òun ló sì di àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín.

Mo kó fíìmù méjèèjì dání, mo ń lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Kò sí ní Ìbàdàn mọ́. Ó léfòó lókè òkè wa, ó ga tó ọ̀pẹ mẹ́ta, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ igi ìṣin kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo ń rò ni bóyá okùn náà yi. Àkàsọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún mi jẹ́ fíìmù gígùn kan, ojú ènìyàn sì wà lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tó dé abetí ajá ní kí n rọra, imú òun ni mo tẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bọ́ bàtà mi. Obìnrin tó wà lókè rẹ̀ bi mí níbi tí mò ń lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní gbogbo ẹni tó ti ń gun àwọn kọjá ló sọ bẹ́ẹ̀, òun kò sì tíì rí ẹnì kan tó sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Inú yàrá wọn tutù bí inú fíríìjì. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun sọ́wọ́, wọ́n sì wọ ọ́ sẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnlámì, ó wọ gíláàsì. Bí mo ṣe tú ìwé tí mo fi wé fíìmù, ó fín imú, ó wo àwọn méjì yòókù, wọ́n mi orí síra wọn. N kò fẹ́ràn orí tí wọ́n mì yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀, kánfọ̀ kan yí jáde látinú ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ mi. Ó ní èmi ni mo ní kí òun ṣọ́ wọn, òun sì ṣọ́ wọn bí òun ti ń ṣọ́ aṣọ, ta ló sọ fún òun pé wọn kì í ṣe aṣọ? Mo ní òótọ́ ló sọ. Wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnlámì gbé fíìmù méjèèjì sí ojú iná, ó wò wọ́n títí.

“Ìyá, ọmọ mélòó lẹ kó wá?”

“Méjì ni, ọ̀gá. Ìbejì ni wọ́n.”

“Ìbejì tí eyín kan náà ká lẹ́nu àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà?”

 Ó ní òfin ilé iṣẹ́ àwọn ni pé àwọn kì í tọ́jú ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó wọ ìró yóò wọ inú òtútù, èyí tó wọ ṣòkòtò yóò lọ sínú agbọ̀n, nítorí ó jókòó bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Agbọ̀n tó wà ní igun yàrá gbọ́ ọ, ó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀, Táíwò kò fi ohun mìíràn sílẹ̀ láyé, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Tí agbọ̀n bá gbé èyí mì, kò wá sáyé rí nìyẹn.

Mo ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni wọ́n wá ń wò báyìí. Ọ̀kan nínú wọn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí ọmọ méjèèjì bá jẹ́ èmi, ta ló wá gun àkàsọ̀? Mo fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú, mo yẹ̀ ẹ́ wò. 

Wọ́n ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ méjèèjì bá jáde látinú fíìmù, irun wọn funfun, eyín wọn dúdú. Wọ́n gun orí tábìlì, wọ́n ń mi ẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnlámì bi wọ́n ta ni Kẹ́hìndé nínú wọn. Àwọn méjèèjì nawọ́ sí mi. Ó ní ta wá ni ẹ̀yin? Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín náà kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Àsìkò yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé irùngbọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn. Kí n tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti di ewúrẹ́, ìbọ̀wọ́ wà lẹ́sẹ̀ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gíláàsì ọ̀gá sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wo ló máa gbóòórùn èérí ògì tí yóò mójú kúrò? Òórùn kíkan yẹn ni wọ́n ti ń mi orí sí láti àárọ̀. Ewúrẹ́ kan fi ẹnu bu fíìmù kan, ìkejì bu ìkejì. Mo sáré di etí méjèèjì mú, ọwọ́ kan sí ọ̀kan.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnlámì ti ń jẹnu ṣáájú kí ó tó rí nǹkan kan jẹ. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá,” ó ní. “À ń tọ́jú wọn ni.”

Wọ́n ń fà, mò ń fà. Kánfọ̀ ń pariwo nílẹ̀ pé kí n jọ̀wọ́ ọ̀kan kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ìkejì, bí àwọn ti ń ṣe nídìí aṣọ nìyẹn. Ìka mi ti fẹ́ bọ́. Nígbà náà ni ọmọ tó wọ ṣòkòtò dáwọ́ ẹsẹ̀ mímì dúró.

“Kẹ́hìndé, fi tèmi sílẹ̀,” ó ní. “Ọwọ́ ń dùn ọ́.”

Mo yíjú sí àwọn ewúrẹ́. Mo ní ẹ gbọ́ bó ṣe pè mí. Ta ni í pe orúkọ ara rẹ̀, tí í sì káàánú ọwọ́ ara rẹ̀? Wọ́n tú fíìmù sílẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnlámì rò ó, ó ní ó dà bíi pé méjì ni wọ́n lóòótọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pátákò nínú ìbọ̀wọ́ kò lè di bírò mú. Bírò ń já bọ́, wọ́n ń ṣà á, ó ń já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ohun tí wọ́n ń kọ gan-an, torí n kò gbà wọ́n gbọ́, mo sì jí.

Igun ìrọ̀rí mi méjèèjì ni mo dì mú. Ìka mi ti le, mo ní láti fi ẹsẹ̀ ti ìrọ̀rí náà kúrò kí wọ́n tó ṣí.

Ẹni tí wọ́n rán láti Ìbàdàn dé kí n tó jẹun tán. Obìnrin ni, Arábìnrin Adédíran, ó fara balẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, bàtà ló wà níbẹ̀. Ó ní kíkan yẹn ti wọ̀ wọ́n lára, kò ṣeé wẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà nínú òtútù, ojú wọn yóò dúró. Ó gbé ìkíní sókè sí ojú fèrèsé, ó gbé ìkejì, ó sì mú bírò.

“Màmá, ọmọ kan náà ló wà nínú méjèèjì, àbí?”

“Ọmọ méjì ni,” mo ní. “Táíwò ló wọ ṣòkòtò.”

Ó tún gbé wọn wò. Ó wo ojú mi. Ó kọ̀wé. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí i. Ó yí i sí mi, mo sì fi ìka tọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọmọ méjì. Ó fi ìwé funfun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì kó méjèèjì sínú páálí kan.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ìyá mi ti sọ fún mi pé ẹni tó bá gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í rìn jìnnà kí ó tó wẹ̀yìn. Arábìnrin Adédíran gbé páálí náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó gba ìsàlẹ̀ òkè lọ, kò sì wẹ̀yìn.