Orúkọ Tó Ní Ṣùgbọ́n Nínú

Káfíńtà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kẹta. Kì í ṣe pé òun ni ọmọ kẹta nílé wọn o. Òun gan-an ni àkọ́bí. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti kó orúkọ yẹn wálé. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní kíláàsì wọn, ó sì sú olùkọ́ láti máa pe ẹyọ ẹnì kan kí ẹni mẹ́ta máa dáhùn, ló bá fún wọn ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, nọ́ńbà àwọn méjì yòókù já bọ́ lára wọn. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí gúlúù ṣe ń lẹ̀ mọ́ pákó.

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà rán aṣọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ àti òwú kọ orúkọ sí àyà aṣọ iṣẹ́: aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn awakọ̀, ti àwọn tó ń gbá òpópónà. Nítorí náà, orúkọ kúkúrú ló fẹ́ràn jù láyé.

"Orúkọ lẹ́tà mẹ́rin," ló máa ń wí, "kí n tó mu omi ife kan tán, ó ti parí. Àwọn tí orúkọ wọn gùn ló ń sọ mí di arúgbó."

Kíláàsì kan náà lòun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí wọ́n sì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà, "ìwọ" sí "ìwọ", láìsí "ẹ", bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bá a lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Èyí kò tẹ́ ìyá télọ̀ lọ́rùn rárá. Màmá, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn, á ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ lọkọ ẹ ni?"

"Ẹgbẹ́ mi ni, Màmá. Kódà, mo fi oṣù méjì jù ú."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ láìbímọ. Lọ́dún kẹwàá, ikùn télọ̀ yọ síta, Kẹta sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àjákù pákó tó bá gé kù nínú ṣọ́ọ̀bù, á mú pẹ́ńsù tó há sí etí rẹ̀, á kọ orúkọ sí i, á fi ti ògiri. Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún un, ó bá pákó bí ogún ní ìlà kan.

"Kí lo kọ síbí?"

"Orúkọ ọmọ wa ni. Yan èyí tó bá wù ẹ́."

Télọ̀ tẹ̀ síwájú, ó ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba. "Ẹ̀rínòníwọ́nníléwamọ́." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Èyí kì í ṣe orúkọ, ìkéde ni." Ó bọ́ sórí òmíràn. Nígbà tó dé orí pákó tó gùn jù, ó kà á ní ìdákẹ́jẹ́, ó tún kà á sókè: "Ọ̀nàjìnṣùgbọ́nódé." Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó.

"Ta ló ń fi 'ṣùgbọ́n' sínú orúkọ ọmọ?"

"Èmi."

"Ṣé o mọ ibi tí wọ́n máa gé e sí? Ódé! Ẹnu àwọn èèyàn á sì sọ ọ́ di Òde. Wọ́n á ní, 'Òde, máa bọ̀ nínú ilé.' 'Òde, ṣé o wà nínú ilé?' O fẹ́ kí orí ọmọ dàrú?"

Kẹta kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ekuru kúrò lórí pákó náà. "Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀," ó wí. "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún èrò, òun nìkan ni á yíjú."

Ìyàwó rẹ̀ fi orí rẹ̀ ti èjìká ọkọ rẹ̀, àmọ́ kò gbà. Màmá náà kò gbà. Orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin ni ìyá àti ọmọ ń wá kiri nínú ilé, káfíńtà sì ń dá kọ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ ò dúró kí wọ́n parí àríyànjiyàn. Oṣù méje ló lò nínú, ó jáde. Obìnrin ni, ó kéré débi pé bàtà bàbá rẹ̀ ẹyọ kan ì bá gbà á. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí onígíláàsì kan tó ń mú ara móoru, nínú yàrá tí àpótí bẹ́ẹ̀ mẹ́fà wà, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ọn: ọmọbìnrin, orúkọ bàbá. Òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́. Bó ṣe ń mí ni wọ́n ń kà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán gangan, nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú oògùn. Ó wo bébà, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara àpótí náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fún un?" Télọ̀ ló béèrè. Orí àga kan náà ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

"Oògùn ọ̀sán ẹ̀ ni."

"Ó ti gbà á. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ló fún un. Ìṣojú mi ni."

Nọ́ọ̀sì náà dúró. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo bébà ara àpótí, ó wá wo ọ̀kánkán, níbi tí ọmọbìnrin mìíràn wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ yẹn tóbi tó ìlọ́po méjì tiwọn. Orúkọ kan náà ni bàbá àwọn méjèèjì ń jẹ́, oògùn náà sì jẹ́ ti ọmọ ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn náà padà sínú àwo rẹ̀. Ó wá àpótí ìjókòó kan, ó fi ìdí lé e.

"Ìyá ọmọ, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ yọ wá."

Télọ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sára gíláàsì náà, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí Kẹta dé tó gbọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Orúkọ tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, tí ẹni mẹ́ta ń jẹ́ ẹ, ló fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ lára yìí. Ó jáde. Kò tó wákàtí méjì ló padà pẹ̀lú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ti fá dán, tó ń dán bíi dígí.

Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin gíga kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá ọmọ, a kì í gbé pákó wọ ibí."

"Kí lẹ máa ń gbà, mà?"

"Páálí, tó bá mọ́."

Wọ́n bá a wá páálí. Ó jókòó sí ìta, ó fa ìlà, ó sì kọ lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí ọmọ, orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó yí igun, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ti wá parí. Nọ́ọ̀sì àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé orúkọ náà bó ṣe ń kà á, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ yí àpótí ká: "Ọ̀nà jìn… ṣùgbọ́n… ó dé." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Ẹ bá wa kọ ti ọmọ ojú fèrèsé náà."

Bàbá ọmọ ojú fèrèsé dé lọ́jọ́ kejì. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn olórúkọ kan náà bọ ara wọn lọ́wọ́. "Ẹ bá mi wá ọ̀kan," ó ní. "Kó gùn."

"Irú ọmọ wo ni?" Kẹta béèrè.

Awakọ̀ ronú. "Ẹkún ló mọ̀ ọ́n sun. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àyà ẹ̀ le."

Báyìí ni ọmọ ojú fèrèsé ṣe di Igberẹ̀dùnmọ́wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn òbí ọmọ mẹ́rin yòókù ti wá tò síwájú Kẹta, ó sì jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń béèrè ìwà ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan. Nọ́ọ̀sì tó ṣàṣìṣe yẹn sọ fún télọ̀ pé láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń kánjú níbẹ̀ mọ́: irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí èèyàn dúró kà á tán kó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, wọ́n gbé ọmọ wálé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Màmá gbà á, ó ní òun ò ní lè máa pe odidi gbólóhùn nígbà tí òun bá fẹ́ fún ọmọ lómi, ó sì sọ ọ́ ní "Ìyá kékeré" lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gbé e wálé, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn fèrèsé jẹ́ bàbá àgbàlagbà, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, nígbà tó dé àárín orúkọ, àyè tán.

"Kò gbà á. Ẹ gé e kúrú."

"Ibo ni kí n gé níbẹ̀?" Kẹta bi í.

"Ibi tí àyè parí sí náà ni."

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Bí ẹ bá gé e síbẹ̀, 'ọ̀nà jìn' nìkan ló kù. Ọmọ ò ì tíì dé!"

"Èmi kọ́ ni mo ya àpótí sára bébà, bàbá ọmọ."

"Ẹ wá ẹni tó yà á!" Ohùn Kẹta ti ń lọ sókè. Àwọn èrò orí bẹ́ǹṣì ń nàgà. Akọ̀wé ti ń juwọ́ sí ẹni tó kàn.

Télọ̀ gbé ọmọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ bá mi gbà á," ó wí, ẹnu sì ya Kẹta tó bẹ́ẹ̀ tó fi dákẹ́: láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò tíì pe òun ní "ẹ" rí. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orúkọ ni èmi náà ń kọ jẹun. Bí orúkọ ò bá gba àyà aṣọ, a kì í gé e, a máa ń tò ó sábẹ́ ara wọn ni. Ìlà mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta, yàtọ̀ sí ti orúkọ bàbá."

Ó gba pẹ́ńsù, ó kọ ọ́: Ọ̀nàjìn. Ṣùgbọ́n. Ódé. Akọ̀wé wò ó títí.

"Ìyá ọmọ, orúkọ àárín ló ń wọ ìlà kejì o. Ṣé kí n kọ ọ́ pé orúkọ àárín ọmọ yìí ni Ṣùgbọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú ìwé ìjọba?"

"Ṣé ìjọba ò ní ṣùgbọ́n tiẹ̀ ni, sà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà gbìyànjú láti fajú ro, kò rí i ṣe. Èjìká rẹ̀ ń mì nígbà tó lu òǹtẹ̀.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀nà ṣì tutù. Kẹta gbé ọmọ sáyà, ó ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ìyàwó rẹ̀.

"Mo rò pé o kórìíra orúkọ yẹn."

"Mo kórìíra ẹ̀. Títí di ọjọ́ oògùn yẹn."

"Kí wá lo máa ń pè é, nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀?"

Télọ̀ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Wàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò ní ṣe é."

Ó wá jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ kìíní, ó ń fún ọmọ ní orúkọ kan lójúmọ́, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ihò ara gíláàsì, ó sì ń tún gbogbo rẹ̀ pè látìbẹ̀rẹ̀ kó tó fi tuntun kún un. Ọkọ rẹ̀ ní kó pè é kóun gbọ́. Ojú tì í díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: "Ìkúùkù-bí-èso-ata. Arẹ́rìn-ín-lójú-oorun. Asín-lẹ́ẹ̀mẹta-ká-tó-kí-i. A-di-ìka-ìyá-mú-bí-okùn. Akọ-wàrà-àárọ̀-béèrè-tọ̀sán…"

Kẹta ń rìn, ó ń tẹ́tí sí i. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ ń bọ̀ lé ara wọn, èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ ṣí ojú, èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ tí kò fẹ́ mí, èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ tó tọ̀ sí nọ́ọ̀sì àgbà lára. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ó ṣì ku mẹ́tàdínlógún.

Télọ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Kẹta fi ìgbọ̀nwọ́ dá a dúró.

"Jẹ́ ká yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "kó o pè é tán."

Wọ́n kọjá ilé ara wọn lọ. Màmá yọ orí lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n. "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé ẹ ò mọ ilé mọ́ ni? Ẹ gbé Ìyá kékeré fún mi, òtútù wà níta!"

Télọ̀ juwọ́ sí i, kò sì dá ohun tó ń sọ dúró.