Ṣíbí Tó Wà Lápò Màmá

Ẹ sún mọ́bí, ẹ tẹ́tí. Ẹni tó bá ń dáná, kó dín iná ẹ̀ kù ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ò gba ká fetí kan gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bímọ, ni mo bá lọ ń bá a fọ aṣọ ọmọ. Màmá, ìyá ọkọ ẹ̀, ti dé ṣáájú mi. Ọ̀gá là ń pe ọmọ náà, torí òun ló ń sùn, àwa ló ń rán níṣẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá pé ọjọ́ mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó fajú ro. Ọmọ ò tíì wúwo tó bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

"Ọmú nìkan o. Ẹ gbé e padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ò bá tíì lé sí i, a máa dá a dúró síbí."

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ á fa ọmú lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú, á sùn. "Bóyá ọmú mi ni ò dáa," ló ń wí ṣáá.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ká aṣọ lórí okùn, mo bá yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwẹ̀. Màmá gbé Ọ̀gá lé itan, wọ́n yọ ṣíbí kékeré kan lápò, wọ́n ń bu omi sí i lẹ́nu. Mo ka ṣíbí mẹ́jọ. Ọ̀gá ń pọ́nnu lá.

Mo wọlé. "Màmá, ẹ̀yin náà kẹ̀?"

Wọn ò tiẹ̀ ta gìrì. "Omi tí mo sè, tí mo mú tutù ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí."

"Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan."

"Ọmọ mélòó ni nọ́ọ̀sì yẹn bí? Mo tọ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn lẹ̀gbọ́n ẹ rí fẹ́." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má sọ fún un o. Á ní mo fẹ́ pa ọmọ òun."

Kò sí ìkà kankan nínú Màmá. Àwọn ló ń wẹ ọmọ, àwọn náà ló ń sebẹ̀. Tí mo bá tú u, ilé á dàrú.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi sùn, kémi àti Màmá gbé Ọ̀gá lọ bá nọ́ọ̀sì. A débẹ̀, mo bá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni inú ọmọ tó tó báyìí ṣe tóbi tó?"

"Bí ẹyin adìẹ. Tómi bá ti kún un, ibo lọmú máa gbà?"

Màmá yọ ṣíbí náà lápò, wọ́n gbé e sórí tábìlì. "Èmi ni. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi." Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ń wo àjà.

Nígbà tọ́sẹ̀ pé, Ọ̀gá ti wúwo ju bí wọ́n ṣe bí i lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún ayọ̀. "Ọmú mi ti wá dáa báyìí," ló wí. Màmá ń tú aṣọ ọmọ ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ọmú òun ló kọ́kọ́ burú. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ wà lójú fèrèsé yẹn, ṣé ẹ máa sọ fún un?