Aago Igi Pẹ́à

Ọdún méjì gbáko ni Severin fi sá igi pẹ́à náà sórí àjà kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n bí i sí ni igi náà hù sí. Ìjì ló wó o, Fidel àbúrò rẹ̀ sì ti ń là á fún ìdáná kí Severin tó dé bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti igi!" Fidel rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kó o lọ. Ẹ sáà bá mi fi àáké sílẹ̀."

Yàtọ̀ sí igi yẹn, kò sí ohun tó bọ́ sí Severin lọ́wọ́ nínú oko bàbá wọn. Ní àwọn àfonífojì Igbó Dúdú nílẹ̀ Jámánì, àbíkẹ́yìn ọkùnrin ló ń jogún oko lódindi. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ á wá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Severin kọ́ bí a ti ń gbẹ́ aago. Kò bínú sí àṣà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, fún ogún ọdún, Landolin bàbá wọn kò yé sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ọwọ́ Severin ò mọ nǹkan kan ṣe. Orí ló kó mi yọ tó jẹ́ Fidel ló kẹ́yìn." Severin fẹ́ gbọ́ "ó dára" lẹ́nu ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó fi ayùn kékeré la eyín àwọn kẹ̀kẹ́ inú aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lo ìṣó kankan. Ó kun òdòdó róòsì sójú aago, ó kun pákó róbótó tó ń fì lábẹ́ rẹ̀ ní funfun, ó sì so òkúta odò oko náà mọ́ okùn tó ń fà á. Nígbà tó parí, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé aago náà, ó sì fi eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́ bó ṣe ń rìn. Kò tíì gbẹ́ irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ Baba lórúkọ ló gbé e lọ. Ó gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ńlá, níbi tí Baba ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láti ìgbà tó ti fa oko lé Fidel lọ́wọ́. Baba fa aṣáà símú, ó sín.

"Ṣé á rìn?"

"Á rìn, Baba."

"A ó máa wò ó."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Zenz, ìyàwó Fidel, fi ránṣẹ́ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, kì í kọjá aago mẹ́rin. Bí gbogbo wa bá ti lọ fún wàrà, ká tó padà dé, ó ti dákẹ́."

Bí àlọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí lójú Severin, kò sì lè fi àlọ́ sílẹ̀ láìjá. Òrùlé kan náà ló bo èèyàn àti màlúù nílé wọn. Ó rò ó pé bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn màlúù láago mẹ́rin, ooru ẹnu àwọn ẹran á wọlé, igi á wú, eyín kẹ̀kẹ́ á há. Ó tú aago náà, ó fá gbogbo eyín rẹ̀ díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dúró. Ó tún fá a.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mathis tó máa ń pọn aago tà kiri ìlú òkèèrè pè é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. "Severin! Wọ́n ní aago rẹ ń bá màlúù sinmi!"

"Tèmi ń sinmi, tìrẹ ò tíì jí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mathis náà rẹ́rìn-ín. "Má bínú sí mi o. Baba rẹ ló sọ fún wa."

Lọ́jọ́ kejì, Severin dé ilé náà bí àwọn ará ilé ṣe ń wọ ilé màlúù. Aago ti dúró. Ó tẹ̀ ba láti tú u, ó sì rí i: àmì àtàǹpàkò aláwọ̀ ilẹ̀ lórí pákó funfun náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Aṣáà ni. Ìkòkò tábà ni Fidel ń mu ní tirẹ̀. Zenz ò tilẹ̀ fẹ́ràn òórùn tábà.

Ó yíjú. Baba ń wò ó.

"Kí ló dé, Baba?"

Baba nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ogún ọdún ni mo fi sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Kí lo fẹ́ kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

Severin ti pákó náà kó lè máa fì, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò nu àmì yẹn kúrò.

Baba kú kí yìnyín tó yọ́. Bí èèyàn bá kú nínú ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ dá aago dúró kí àwọn olùbánikẹ́dùn tó wọlé. Zenz pàdé Severin lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí a fẹ́ dá dúró. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, kì í rìn dọ̀sán mọ́. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un kó rìn díẹ̀," Fidel bẹ̀ ẹ́, "ká lè dá a dúró bó ṣe yẹ."

Severin sún un. Àwọn eyín tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá tín-ín-rín ń yọ̀ lára ara wọn. Ó kà á: ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá péré, ó dúró fúnra rẹ̀.

Mathis ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Ó tẹ̀ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Landolin ò purọ́ mọ́ ọn."