Lẹ́yìn Kọ́nà Yẹn Báyìí

Èmi ni ìgbálẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń sá eré ìyípo òkè ní abúlé wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kó máa ká rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà, kó sì rí i pé kò sẹ́ni tó ṣubú sí kòtò. Ìgbálẹ̀ gidi ni wọ́n máa ń so mọ́ onítọ̀hún lẹ́yìn. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbálẹ̀ lè máa rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ jókòó. Ẹni tí ìgbálẹ̀ bá kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ti gbá onítọ̀hún nìyẹn, eré rẹ̀ ti parí.

Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀. Ká sòótọ́, ó ti ń dùn mí láti ìgbà tí a ti ń wa ọ̀dùnkún. Mo ti fẹ́ kọ iṣẹ́ náà lọ́dún yìí, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé Custodia fẹ́ sáré.

Ilé Custodia nìkan ló wà lókè ilé mi. Opó ni, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Nígbà òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn màlúù rẹ̀ tì í ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó rí i níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Wilmar, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti fárígá pé ìyá òun gbọ́dọ̀ wá bá òun gbé ní Bogotá, lókè ilé alájà méje. Custodia ní òun ò lọ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan, ni Wilmar bá gbóhùn sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Ó dáa, Màmá. Bí ẹ bá lè sá eré ìyípo yìí parí tí ìgbálẹ̀ ò gbá yín, mi ò ní dárúkọ Bogotá mọ́ láé. Bó bá gbá yín, ẹ ó di ẹrù yín."

Ó rò pé ìyá òun máa rẹ́rìn-ín ni. Ìyá ní, "Níbo ni wọ́n ti ń pín nọ́ńbà?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, kíá ni gbogbo àwọn yòókù ti pòórá. Ó wá ku èmi àti Custodia, òun pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bàtà olókùn, àti ruana, aṣọ ìbora onírun àgùntàn tó gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n fi pín-ìn-nì de nọ́ńbà mọ́. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, a gun àárín oko àlùbọ́sà, a wọ inú igbó, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo gbọ́ pé àwọn ará ìlú ńlá ń wá ya fọ́tò ibẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ru wàrà gba ibẹ̀ kì í rí ẹwà. Òkè lèmi ń rí.

"Arcelia, ó ṣì jìn?"

"Lẹ́yìn kọ́nà yẹn báyìí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo kọ́nà tá a dé lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kọ́nà ló pọ̀ lábúlé yìí, ẹ̀bi mi kọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ fún ẹni tó ń rìn pé ọ̀nà jìn. Ìwà ọ̀yájú ni, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò lójú. Bó bá bi ọ́, lẹ́yìn kọ́nà yẹn báyìí ni, ì báà jẹ́ odindi òkè mẹ́ta ló kù. Àwọn àlejò máa ń bínú pé a parọ́. A ò parọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé wàá débẹ̀. Aláìsàn nìkan là ń sọ òótọ́ ọ̀nà fún, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè lọ wá ẹṣin.

Nígbà tí a dé ibi àgbélébùú olókùúta, kùrukùru ti bo gbogbo ilẹ̀. Custodia di orúnkún rẹ̀ mú.

"Arcelia, má ṣe mí bí àlejò. Sọ òótọ́ fún mi."

Ó ti rẹ̀ mí. Igi ìgbálẹ̀ ń gún mi lẹ́yìn, omi ti wọnú bàtà mi, òótọ́ bá já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ó jìn, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì jìn gan-an."

Ó wá jókòó sórí òkúta.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi náà ti di aláìsàn nìyẹn."

Mi ò gbọdọ̀ dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn òkúta náà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, mò ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi kó má baà kọjá Custodia.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe eré yìí nìkan. Omi màlúù tí mò ń pọn, iná tí kì í tètè ràn láàárọ̀, gbogbo ẹ̀ ló sú mi. Bóyá ọmọ yẹn mọ ohun tó ń sọ."

Ẹ̀rù bà mí. Láràárọ̀, bí mo bá ṣílẹ̀kùn, èéfín ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bó bá lọ, kí ni màá máa wò? Ẹ̀rù náà di ìbínú, mi ò tiẹ̀ rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Jókòó síbẹ̀! Jókòó dáadáa! Tó bá dọ̀la, Wilmar á gbé ẹ lọ sókè àjà keje, wàá máa yọjú lójú fèrèsé, wàá máa kí ẹyẹlé pé ẹ káàárọ̀ sà. Wàrà inú páálí ni wọ́n á máa rà fún ẹ. Ìwọ Custodia! Wàrà inú páálí!"

Ó gbórí sókè. "Ta lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ náà ni!"

"Èmi tí mo ti ń fún wàrà màlúù kí wọ́n tó bí ẹ? Jẹ́ kí n dìde ná, ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn ẹ yẹn ni màá fi nà ẹ́."

Ó sì dìde lóòótọ́. Mo sáré sún sẹ́yìn. Ó ń bú mi, ó ń rìn lọ, èmi náà ń tẹ̀ lé e, mò ń ká rìbọ́ọ̀nù.

A ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò kékeré tó wà lápò mi dún. Efrén ni, olórí eré náà.

"Ìgbálẹ̀, níbo lẹ wà? Òjò ti ń ṣú, a fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́."

Mo wo ọ̀nà tó nà gbọọrọ nísàlẹ̀ wa. "Lẹ́yìn kọ́nà yẹn báyìí ni."

Abúlé wa ni wọ́n bí Efrén náà sí, ó mọ bí kọ́nà yẹn ṣe lè gùn tó. Ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká tún gbé omi ṣúgà ìrèké kaná."

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí a wọ gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ̀nba èèyàn ló kù. Wilmar dúró sáàárín òjò, agbòjò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣí i. Custodia kò sáré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ títí ó fi kọjá ìlà. Lẹ́yìn náà ni èmi wọlé, eré bá parí.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún un ní ife omi ṣúgà gbígbóná tí wọ́n ju wàràkàṣì sí. Wilmar kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti borí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ mọ́."

Òkè ni Custodia ń wò. Mọ́tò kì í dé ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi gùn ún. Àárẹ̀ tí mo rí lójú rẹ̀ níbi àgbélébùú ti padà dé, mo sì mọ̀ pé bí kò bá dìde báyìí, kò ní dìde mọ́. Ó yíjú sí mi.

"Arcelia, ṣé ilé mi jìn?"

Wilmar náà ń wò mí. Abúlé yìí ló dàgbà sí, ó mọ ohun tí èsì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Mo mọ gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà náà, nítorí ọ̀nà ilé tèmi náà ni.

"Lẹ́yìn kọ́nà yẹn báyìí ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé ife náà fún ọmọ rẹ̀.

"Òpùrọ́," ló wí, ó sì dìde, ó kọjú sókè. Wilmar ṣí agbòjò, ó sáré bá a. Mo tún okùn ìgbálẹ̀ mi so, mo sì tẹ̀ lé wọn.