Bẹ́ẹ̀dì Wọlé Ahunhamáka

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Fidencio Canul fi sùn lórí àga, bí a bá lè pe ìyẹn ní oorun. Á tòògbé díẹ̀, á ta jí, á tún gbé orí lé èjìká. Orí àkàbà ló ti já bọ́ lọ́jọ́ tó lọ fọ táǹkì omi orí òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn igi ìtẹ̀sẹ̀ àkàbà náà ti jẹrà, ó dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá pẹ̀lú. Wọ́n tò ó ní ọsibítù, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ sùn sínú hamáka fún oṣù mẹ́fà, torí pé àwọ̀n òwú tí wọ́n so rọ̀ sáàárín ògiri méjì máa ń ká èèyàn kò. Orí àga náà kò dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Bí kò bá rí ibi gidi nà sí kó tó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ní òun á dá a dúró sí wọ́ọ̀dù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ hamáka híhun ni Fidencio ń ṣe. Láti kékeré ló ti ń hun ún ní Tixkokob, ìlú wọn, kò sì fi ẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì rí àfi ní ọsibítù, níbi tí kò ti sùn. Ó ní ta ni yóò wá ra hamáka lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn lórí fóòmù? Ó ní ńṣe ló dà bí oníbúrẹ́dì tó ń lọ ra búrẹ́dì ládùúgbò kejì. Gbogbo ẹni tó bá kí i ló ń ro ẹjọ́ yìí fún, á sì ka iye ọjọ́ tí kò tíì sùn fún wọn.

Eleuteria ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé mọ́, ó tètè se ẹ̀wà dúdú àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, ó bò ó, ó sì gbé ṣòkòtò ìjáde lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Ligia, ẹ wọ̀ ọ́. Mérida là ń lọ."

"Mi ò ra bẹ́ẹ̀dì o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ rà á? Ẹ ṣáà bá mi wo àkàbà tuntun. Èyí tó fẹ́ sọ mí di opó yẹn, òun ni mo fi dáná ẹ̀wà."

Bọ́ọ̀sì kò tíì jáde nílùú tí Eleuteria fi gbórí lé fèrèsé, tó ń hanrun. Fidencio wò ó, ó ní ara arúgbó dé, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀.

Ohun èlò àwọn àgbà àti aláìsàn ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yà sí, àkàbà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eleuteria kọrí sí ibi àkàbà. Ó ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gun ìtẹ̀sẹ̀ méjì, ó ń fò lórí rẹ̀. Wilberth, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀, rí i pé bàbá yìí kò lè dúró pẹ́, ó ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan kó fi sinmi ẹsẹ̀. Ó jókòó tìtorí ọ̀wọ̀. Wilberth bá a gbé ẹsẹ̀ lé e, ó sì tẹ rìmóòtù. Apá ibi orí rọra ń gòkè, abẹ́ orúnkún náà gbéra, títí bẹ́ẹ̀dì fi bá ara rẹ̀ mu. Ìbàdí tó ti ń ro ó láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún dákẹ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bu fóòmù náà kù, oorun gbé e lọ kó tó rí i.

Nígbà tó lajú, ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Àwọn oníbàárà ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Wilberth dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ àwọn tó ń wọlé pé kí wọ́n rọra. Ó ti lé ní wákàtí méjì. Ojú ti Fidencio, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"O ò jí mi, ọmọ mi," ló wí.

"Ẹ kọ́kọ́ ń kérora, bàbá. Nígbà tó yá ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jí yín."

Fidencio di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ tó o bá darúgbó, Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní oorun."

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ti tán nìyẹn, ó gbà kí wọ́n rà á. Wilberth béèrè bí yàrá wọn ṣe gùn tó, Fidencio sì fèsì bí ọ̀gá pé mítà márùn-ún ni. Òun ló ń wọn yàrá fún gbogbo ìlú, hamáka rẹ̀ kan kò sì kéré tàbí gùn jù fún yàrá rí. Wilberth, tí wọ́n fi hamáka tọ́ òun náà dàgbà, kọ ọ́ sílẹ̀ láìbi í sí i. Ó ní yàrá bẹ́ẹ̀ á gba ti ẹni méjì, bẹ́ẹ̀dì méjì tí wọ́n so pọ̀, tí kálukú sì ní rìmóòtù tirẹ̀. Eleuteria ní kí wọ́n gbé e wá. Àkàbà tó wù ú jù, ó fi sílẹ̀, torí owó kò ní ká méjèèjì.

Ọjọ́rú ni Wilberth bá ọkọ̀ dé, ọ̀la rẹ̀ sì ni ọjọ́ dókítà. Ìdajì àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ìdajì kejì tì í, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kò ṣí mọ́, kò sì sí àyè fún igi tí Fidencio fi ń hun nǹkan. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wilberth fa téèpù yọ, ó wọn ògiri kan, ó wọn èkejì: mítà mẹ́rin, mítà mẹ́ta. Ó wo Fidencio. Fidencio gbójú sókè wo àwọn ìkọ́ tí wọ́n ń so hamáka kọ́.

"Igun dé igun ni mo wọ̀n," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Wilberth gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ igun dé igun la ṣe ń so tiwa náà nílé. Èmi tí mi ò bi yín ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Fidencio fi di ìbàdí mú. Wilberth gbé ìdajì kejì padà, ó dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ padà fún wọn, ó sì fi àkàbà tó wu Eleuteria, tó wà lára ọjà inú ọkọ̀, dípò ìyókù, èyí tó ní ìtẹ̀sẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ibi ìdìmú. Eleuteria ṣàdúrà fún un títí ọkọ̀ fi lọ. Lẹ́yìn náà ló kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Fidencio nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ gun àkàbà náà.

Ọ̀sán mú. Fidencio dùbúlẹ̀, ó gbé orí sókè, ó gbé orúnkún, ó rọ̀ ọ́ lára. Eleuteria so hamáka tirẹ̀ láti igun dé igun, ó gba òkè ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọjá, ó sì wọ inú rẹ̀. Fidencio ń sọ fún un pé ó dun òun pé òun nìkan ni bẹ́ẹ̀dì kàn, nígbà tí ìdajì kejì yẹn jẹ́ tirẹ̀. Kò gbọ́ èsì.

Ó na ọrùn. Eleuteria ti sùn lọ fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gbogbo ìgbà tó bá ta jí lórí àga, omi ti wà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Kò pè é lẹ́ẹ̀mejì rí kó tó dáhùn. Gbogbo ìlú ló mọ iye ọjọ́ tí Fidencio kò sùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á fún wọn, kò sì fìgbà kan béèrè pé ta ló ń bá òun jí. Ọpẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohùn ta lẹ́nu ọ̀nà. Asunción ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hun hamáka, ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì wá, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọlé.

Fidencio fi ìka lé ẹnu. "Asunción, jọ̀ọ́, padà wá lọ́la. Ìyàwó mi ń sùn."