Ẹ̀rọ Tó Fo Màmá Àgbà Dá

Oníbàárà kan ló tẹ Màmá Àgbà láago láàárọ̀, tó ní òun fẹ́ bá ẹbí kẹ́dùn.

"Ta ló kú?" Màmá Àgbà bi í.

Ẹni náà ta gìrì. "Háà! Ṣé ẹ̀yin náà rèé, mà? Mo wo ojú ewé ilé ìránṣọ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí àwòrán àwọn tó kù, n kò rí tiyín. Mo wá rò pé..."

Òun tó dá ilé ìránṣọ sílẹ̀! Inú yàrá tó ń sùn ló ti fi maṣíìnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́, títí kan àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ aránṣọ kan, ó wo ojú ewé náà. Àbúrò rẹ̀ yìí ló wà lókè téńté, tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ "Nọ́ḿbà 1" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," àbúrò ń rẹ́rìn-ín látìdí maṣíìnì rẹ̀. "Bóyá ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rí i pé ó ti rẹ̀ yín, ló bá ní kí ẹ lọ sinmi."

"Orí ẹ ò pé! Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú àpò, ó kó òwú lé e, ó fi aṣọ bo maṣíìnì. Bí wọn ò bá ka òun mọ́ wọn, kí ni òun tún jókòó ṣe níbẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ṣe ojú ewé náà.

"Ìwọ gan-an! Kí ni mo fi ṣe ẹ́ tí o fi pa mí rẹ́?"

"Màmá Àgbà, orúkọ yín ni mo kọ́kọ́ kọ!" Ọmọ náà yára ṣí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. "Mo kàn pàṣẹ fún un ni. Á mú ẹnì kan, á gbé àwòrán rẹ̀ síta, á kọ nọ́ḿbà sí i, á tún padà wá mú ẹni tó kàn, títí wọ́n á fi tán. Bí ẹ ṣe ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ni."

"Bọ́tìnì ọrùn wá dà? Ta ló ní kí o fò ó?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gbá ara rẹ̀ lórí. "Yéè! Èmi ni mo ṣì í. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, bí èèyàn ṣe ń kà. Orí òdo ni ẹ̀rọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ipò òdo ló fi ẹni àkọ́kọ́ sí, ibẹ̀ lẹ wà."

Ó pa ení rẹ́, ó fi òdo sí i. Àwòrán Màmá Àgbà yọ lókè. Inú rẹ̀ ti fẹ́ rọ̀, àfi bó ṣe rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: "Nọ́ḿbà 0."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

"Òdo! Èmi! Gbogbo bí mo ṣe fi aṣọ rírán ba ojú mi jẹ́, òdo ló já sí?"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Nọ́ḿbà tó fi ń kà nínú ara ẹ̀ ló kọ síta. Màá ní kó fi ení kún un kó tó kọ ọ́."

Ó ṣe é. Màmá Àgbà di àkọ́kọ́, àbúrò di ìkejì, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Àgbà jókòó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àpò.

"Ìwọ Nọ́ḿbà Kejì, dìde. Wá kó ẹrù mi jáde, kí o tò ó bó ṣe wà. Èmi ò ní fọwọ́ ara mi tú ohun tí ìwọ̀sí mú mi dì."